Ìwé Ìnáwó

Ìwé kékeré kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi,
irú tọmọ iléèwé, ìsọdipúpọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.
Ojú ewé kìíní: owó ọkọ̀, Ṣágámù sí Àrò, èèyàn mẹ́ta.
Èmi, Múyìwá, àti Ṣófowórà alápatà
tí mo bẹ̀ pé kó wá bá mi dì í mú lápá.
Alápatà ò gbowó. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ náà:
òdo náírà, gbèsè oore.

Obì ni mò ń ṣà ní Sábó.
Mo máa ń mọ èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kí n tó là á,
ìka mi á kàn tẹ̀ ẹ́, á sọ fún mi.
Àbúrò mi ńkọ́?
Mo tẹ̀ ẹ́ títí, n ò gbọ́ nǹkan kan,
àfi lálẹ́ ọjọ́ tó kó gbogbo bàtà ilé dà sínú kànga,
tó ní wọ́n ń rìn kiri nínú oorun òun.

Àpò obì méjì: abẹ́rẹ́ olóṣooṣù.
Ìdajì ilẹ̀ Bàámi ní Màkún: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní wọ́ọ̀dù.
Iyùn Màámi, tí wọ́n ní kí n fi wọlé ọkọ:
oògùn, oògùn, ilẹ̀kùn tó fọ́,
oògùn, gíláàsì mọ́tò Ìyá Oníbúrẹ́dì.

Wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ.
Àwọn àgbà ti sọ tòǹwòran, wọ́n ti sọ tìyá.
Ta ló sọ tẹni tó bá a mu ọmú kan náà,
tó ń jí lóru láti gbọ́ bóyá géètì dún?

Nǹkan wà tí n ò kọ.
Àwọn èèyàn Ọnàdékò, tíṣà Ìpẹ́rù,
wá ṣèwádìí ilé wa kí wọ́n tó wá tọrọ mi.
Wọ́n dúró lọ́dọ̀ fọkanáísà, wọ́n béèrè ọ̀nà.
Múyìwá fúnra rẹ̀ ló mú wọn wálé, láìwẹ̀wù,
tó ń kí wọn káàbọ̀ bí ọmọ ọlọ́lá.
Wọ́n mu omi. Wọ́n dúpẹ́ omi.
Iye wo ni kí n kọ síwájú ìyẹn?

Àti alẹ́ tí ọlọ́kadà kan wá kanlẹ̀kùn
pé àwọn rí i lójú Ẹ́síprẹ́ẹ̀sì, láàárín àwọn tírélà.
Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kí n tó dìde.
Mo mọ̀ pé mẹ́wàá ni. Aago wà lára ògiri.
N ò kọ ọ́ síwèé. Ọlọ́run ti bá mi kọ ọ́.

Lóṣù tó kọjá, abẹ́rẹ́ náà gbà á.
Ó ń wẹ̀. Ó ń kí ará ilé lórúkọ.
Níbi tó ti ń gbálẹ̀ yàrá mi ló ti rí ìwé náà.
Akọ̀wé owó ni lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù tẹ́lẹ̀;
ó tọrọ báírò, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀
títí oòrùn fi kúrò lórí páànù.

Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ ti ṣe àṣìṣe níbí.
Ẹ gbàgbé ení tó yẹ kẹ́ ẹ gbé lọ síwájú."
Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, oògùn ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀,
nọ́ńbà rẹ̀ ga, ó wọ́, bí àkàbà tí wọ́n fi ti igi.
Ó ròpọ̀ tán, ó fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀,
ó wá kọ ọ́ síbẹ̀, bó ṣe ń kọ ọ́ fáwọn ayáwó:
Èmi ni mo jẹ ẹ́. Ó buwọ́ lù ú.

Mo gba ìwé mi. Mo ní kó lọ jẹun,
pé òfìfo ikùn kọ́ ni wọ́n fi ń lo oògùn yẹn.

Nígbà tó sùn, mo ṣí ojú ewé tuntun, mo kọ tọ̀la:
owó ọkọ̀, Ṣágámù sí Àrò,
èèyàn méjì.