Rọ́ọ̀dù Tó Mọ́ Tónítóní

Yunifásítì l'Àkúrẹ́ ni wọ́n ti ránṣẹ́ pè mí,
pé kí n wá bá wọn tẹ irin.
Mo bá Mofoyèkẹ́, ọmọ tí ìbá jẹ́ ọmọọmọ mi,
ó wọ bàtà òjò, ó fi àkísà so irun,
ó ń wọ́n irin wẹ́wẹ́ sínú kọnkéré tútù,
irin tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, tó tẹ̀ lórí méjèèjì.
Mo ní, "Irun wo lẹ ń bù sọ́bẹ̀ yìí?"
Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá Orímisan, ẹ padà wá wò ó."

Ìyá ìyá mi n'Íta-Ògbólú
kì í mọ àdògán láìbu ìháhá ẹyìn sí amọ̀.
"Bí kò bá ní ìháhá, iná àkọ́dá ni yóò là á."

Lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fa irin.
Kọnkéré méjì, agbára wọn dọ́gba,
gígùn kan náà ni rọ́ọ̀dù mi wọ inú wọn.
Èyí tí kò ní irun kò wí nǹkan kan.
Ó dákẹ́, ó dákẹ́,
gbàù! Ó là sí mẹ́ta
bí àwo tó bọ́ lọ́wọ́ ọmọ.
Èkejì kérora.
Ó lanu bí fọ́nrán òwú, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ;
irun wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn di ètè rẹ̀ mú,
ẹ̀rọ fà títí, òógùn bo Mofoyèkẹ́.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi ò pa á.
Mo ti rí irú rẹ̀ rí, l'Ókè-Àró,
bákónì kan, kí wọ́n tó bí ọmọ yìí.
Onílé ní owó irin ti tán:
"Gé e kúrú. Ta ni yóò wo inú?"
Mo gé e kúrú. N kò tẹ ìkọ́ sí i lẹ́nu,
ìkọ́ tí kò ní gbà mí ní ìṣẹ́jú kan.
Lọ́jọ́ Àìkú tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ó wálẹ̀.
Ewúrẹ́ kan kú. Ẹsẹ̀ òsì ọmọ Ajíbúwà ṣẹ́.
Mo dé ibẹ̀, rọ́ọ̀dù mi ti yọ síta,
ó mọ́ tónítóní,
bí ọ̀bẹ tí a fà yọ nínú ẹ̀kọ.
Wọ́n bú sìmẹ́ǹtì. Wọ́n bú òjò.
Mo bá wọn bú u.

Mo tọrọ kọnkéré tó lanu yẹn lọ́wọ́ Mofoyèkẹ́.
Ẹnu ọ̀nà mi ló wà báyìí.
Bí ọmọ Ajíbúwà bá tiro wá kí mi,
orí rẹ̀ ló máa ń jókòó.
Kò bi mí rí ohun tó wà nínú rẹ̀.