Gìgísẹ̀ Osmo

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi nu òógùn
lára ẹ̀rọ tí ń yí tí kì í kúrò lójú kan,
nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ní yunifásítì Oulu,
níbi tí fèrèsé kékeré kan ti ń wo bàtà
àwọn tó ń kọjá nínú yìnyín.
Ọ̀jọ̀gbọ́n Kerttu Ahvenlampi ni ọ̀gá mi.
Kì í wo ojú ènìyàn.
Bí o bá kí i, á kọ́kọ́ wo ọrùn ẹsẹ̀ rẹ,
á wo bí ìtẹ̀lẹ̀ bàtà rẹ ṣe jẹ níhà òde,
kó tó wá dáhùn pé ilẹ̀ ti mọ́.

Ó ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìṣubú tí a dá dúró ni.
Ó ní iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ dà bí rọ́bà kànnàkànnà:
a tẹ ilẹ̀, ó nà, ó gbé agbára mì,
ó sì bì í padà kí ẹsẹ̀ tó gbéra.
Ọdún mẹ́fà ló fi wá iye tó ń bì padà.
Ìgbà tó rí i, ìlà kan ṣoṣo ni nínú ìwé.
Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti mọ kẹ̀kẹ́ gùn lẹ́yìn rẹ̀.

A ń gún etí: ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, ní ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta.
A ń fi ìbòmú wọn èémí bí ẹni ń wọn ìrẹsì.
A ń lẹ bọ́ọ̀lù kéékèèké tí ń dán mọ́ orúnkún,
kámẹ́rà mẹ́jọ á máa wò wọ́n.
Àwọn ọmọkùnrin abarapá á bì sínú báàgì.
Èmi ni mo ń gbé báàgì.

Ìgbà náà ni Osmo Rautapuro dé,
apínlẹ́tà, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì.
Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò ju ti ọmọ ilé ìwé lọ,
gìgísẹ̀ rẹ̀ ń gbá ilẹ̀ bí ẹni tí ilẹ̀ jẹ ní gbèsè.
Kọ̀ǹpútà ní ìkọkànlá ni nínú àwọn méjìlá.
Ní Sọ́ńdè, létí òkun tó ti dì gbagidi,
ẹni àkọ́kọ́ wa sáré dé òpin,
ó bá Osmo níbẹ̀, ó ń bó ọsàn.

A tún un wọ̀n. A tú ẹ̀rọ, a tún un tò.
Ìkọkànlá.

Kerttu bi í pé, "Kí lò ń rò bí o bá ń sáré?"
Osmo wo ilẹ̀. "Ajá."
"Ajá wo?"
"Ti ilé aláwọ̀ búlúù. Ó ti kú báyìí."
Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Kerttu kò rẹ́rìn-ín.
Ó kọ ọ́ sí etí ìwé, ó fa ìlà sí i nídìí.

Ènìyàn kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún:
bí kò bá lé ejò, ejò ní ń lé e.
Orúnkún la lẹ bọ́ọ̀lù mọ́.
Ta ni yóò lẹ ẹ́ mọ́ ejò?

Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní òdòdó àti ife.
Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó bọ́ bàtà,
ó gun orí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́,
ó ní kí n tan kámẹ́rà.
Ó rìn díẹ̀díẹ̀. Irin ni orúnkún òsì.
"Kí lo rí?"
Mo ní, "Ẹsẹ̀ òsì ń wọ́lẹ̀."
"Ìyẹn mo mọ̀. Kí tún ni?"
Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.
Ó ní, "Kọ ìyẹn sílẹ̀."

Ó lọ. Mo nu ẹ̀rọ.
Kò sí òógùn lára rẹ̀.
Mo ṣáà nù ún.