Wàláà Tó Wà Lẹ́yìn Àwòrán

Ojú ewé kejìlá ni Àlùfáà Kúránga ń tẹ̀ lọ́wọ́
nígbà tí àwòrán gan.
Ọfà kékeré náà dúró sójú kan
bí alángbá tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀.
Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó lu tábìlì,
ó wá ké sí mi:
"Múìbátù, ẹ̀rọ rẹ kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Kò kú, Àlùfáà. Ojú ló kú, inú ń ṣiṣẹ́.
Ẹ gbọ́ fáànù rẹ̀ bó ṣe ń mí
bí ẹni tó gun Òkè Sóbì, tó dúró sinmi.

"Ìgbà wo lẹ gbé e pamọ́ kẹ́yìn?"
"Kí ni wọ́n ń gbé pamọ́?"

Mo dákẹ́.
Níta, ọkọ̀ Gáà Àkànbí ń fun fèrè,
jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń wúkọ́.
Mo mọ ohun tí ọwọ́ lè ṣe:
Kọ́ntírólù, Áátì, bọ́tìnì ìpàwérẹ́,
ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo fèrèsé á wó,
ojú á sì mọ́.
Ṣùgbọ́n bàbá bàbá rẹ̀ tó fẹsẹ̀ rìn dé Pàkátà
á bá fèrèsé wó,
àti kànga tó gbẹ́,
àti ẹjọ́ ilẹ̀ tí wọn ò tíì parí.

N ò pa á. Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà wọlé.
Kọ́ntírólù, Áátì, Ẹ́ẹ̀fù kẹta:
àwòrán ká kúrò bí ẹní,
òkùnkùn tẹ́,
ìlà funfun kan ń ṣẹ́jú lókè,
ó ń bèèrè orúkọ mi.

Àlùfáà bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.
"Wàláà nìyí," ó ní,
"wàláà tí wọ́n fi òru gbẹ́,
tí tàdáwà rẹ̀ funfun."

Mo wọ yàrá tí àmì tó-tó ṣíwájú orúkọ rẹ̀,
irú èyí tí ẹ̀rọ kì í fi han àlejò.
Mo rí i níbẹ̀: ẹ̀dà tí ẹ̀rọ ti ń kó jọ
ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, láìsọ fún ẹnikẹ́ni,
bí ìyá àgbà tó ń so owó mọ́ ìṣẹ́tí aṣọ.
Mo kó o sórí fíláṣì. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbà yẹn ni mo tó bèèrè ohun tó ṣe é.
Ìlà lórí ìlà ń sáré gòkè,
mo ń wá lẹ́tà E méjì tó fara ti ara wọn
bí ẹni tó ń ké.
Éè! mo wá ojú kejì, n ò rí i.
Éè! wọ́n ní apá ọ̀tún ló wà.
Ta ló sọ fún un pé ó ní ojú kejì?
Èmi ni.
Lọ́jọ́ wòlímọ̀ ilé kéwú wọn
tí mo fi í gbé àwòrán sára ògiri,
mo kọ ọ́ sínú fáìlì kan.
Mo tú okùn, n ò tú ọ̀rọ̀.

N ò fẹ́ sọ fún Àlùfáà. Mo sọ fún un.
Ó ní, "Ibi tí o ní kó máa wò ló ń wò."

Mo ní kí ìránṣẹ́ àwòrán lọ sinmi. Ó lọ.
Mo pa fáìlì rẹ́. Mo ní kó dìde.

Ojú mọ́, ṣùgbọ́n ìpínrọ̀ ìkẹyìn ti lọ,
èyí tó kọ nípa ìyá rẹ̀,
Sàlámátù, amọ̀kòkò Òkèlélé.
"Kò burú," ó ní, ó sì jókòó.
Lọ́tẹ̀ yìí Sàlámátù gùn ju ti tẹ́lẹ̀,
ó ní ẹ̀rín, ó ní gbèsè.
Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tó bá parí, á gbé e pamọ́,
á wò mí, kí n lè rí i.

Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà:
"Ibi tí kò sí àwòrán yẹn,
ṣé wọ́n ń gba owó
kí èèyàn tó kọ̀wé níbẹ̀?"