Ajá Ló Ń Mú Mi Rìn

Ọkọ mi ló sọ ajá ní Kílẹńwò,
nítorí àwọn ará ilé kejì tí ń yọjú lójú fèrèsé.
Bó bá ti pè é ní gbangba, wọn a pa fèrèsé dé.
Jósíà lọ kí iṣu tuntun tó wọlé.
Okùn ajá wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn,
ajá ń wo okùn, èmi ń wo ajá.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, mo ní ó dáa, dìde.

Èmi tí n ò fẹ́ràn ajá rí!
Mo ní ká gba títì ńlá, ká tètè padà sílé.
Kílẹńwò ní irọ́ ni.
Ó fẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tilẹ̀,
ó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé ìyá Dúrósinmi.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí ajá lè gbà ní Ọ̀fà fún yín,
torí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi.
Ẹ má gba ìdí àgbẹ̀dẹ bí ọdún Ògún bá ku ọ̀sẹ̀ kan:
wọ́n á kí yín dáadáa,
ṣùgbọ́n itan ajá ni wọn yóò máa kí.
Níwájú mọ́sálásí kékeré, ẹ bọ́ sí òdìkejì.
Áfáà Sàláwù á ká etí jalábíà rẹ̀ sókè,
á ní, "Ìyá, ẹ kú ìrìn, ẹ fa okùn mọ́ra."
Kì í ṣe ìjà. Ó ti ṣe àlùwàlá ni.
Ẹ̀yìn ọjà Owódé dára bí ọjà bá ti tú,
bí ẹ bá lágbára láti wọ́ ajá kúrò nídìí egungun.
Ọ̀nà odò Ọ̀yun jìn; omi wà, ibòji wà,
àmọ́ ewúrẹ́ pọ̀ níbẹ̀,
ẹlẹ́wúrẹ́ ò sì gba àwáwí.

Okùn já mọ́ mi lọ́wọ́ níwájú iléèwé.
Mo ké, "Kílẹńwò!"
Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lórí ọ̀kadà dorí kodò,
ó ní, "Ẹ má bínú, mà, n ò wo nǹkan kan."
Mo rẹ́rìn-ín, èmi opó, láàárín títì.

Ibi ojú irin la já sí.
Koríko ti bo ìdajì àwọn igi tó gbé irin.
Níwájú ahéré tí wọ́n ti ń ju àsíá sí rélùwéè nígbà kan,
àpótí ìjókòó méjì wà nílẹ̀, ọ̀kan ṣófo.
Bàbá Gàníyù ò bi mí pé ta ni mí.
Ó bu búrẹ́dì, ó jù ú sókè,
Kílẹńwò hán an kó tó balẹ̀.
"Ọdún mẹ́sàn-án," bàbá ní, "n ò fọwọ́ kàn án rí,
òun náà ò fẹnu kàn mí.
A mọ ara wa bẹ́ẹ̀."

Ọdún mẹ́sàn-án tí Jósíà ń sọ fún mi
pé ajá ló fẹ́ tọ̀!
Dráfù ni wọ́n ń ta.
Ìgbà mẹ́rìnlá ni wọ́n ti na ọkọ mi,
iṣu kan ló ṣèlérí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Iṣu mẹ́rìnlá! Nínú ọ̀wọ́n iṣu yìí!
Mo ní mà á máa san án díẹ̀díẹ̀.
Bàbá ní kí n jókòó ná.
Ayò tí wọ́n ta kù ṣì wà bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀,
òun ò jẹ́ kí ọmọdé kankan tú u.
Jósíà ló kàn láti sún.

Mo jókòó.
N ò mọ dráfù. Irin méjèèjì forí lé ọ̀nà Ìlọrin,
wọ́n ń sún mọ́ra wọn títí ojú fi sọ wọ́n di ọ̀kan.
Ṣé ibí ni? Gbogbo ìrọ̀lẹ́ yẹn?
Ó bọ́ lẹ́nu mi bí mo ṣe máa ń bá a sọ̀rọ̀ nílé,
jẹ́jẹ́, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀:
"Kí lẹ ń wò?"

Ajá gbọ́ orúkọ rẹ̀.
Ó wá, ó gbé àgbọ̀n lé mi lórí ẹsẹ̀.
Ó tutù díẹ̀. N ò yẹsẹ̀.