Rẹ́jístà Ẹ̀bá Ọ̀nà

Ọ̀dà ojú títì ní ẹni tó ń wọ̀n ọ́n,
afárá ní ẹnjiníà tirẹ̀, tòun ti akoto lórí.
Èmi, rẹ́jístà aláwọ̀ ewé ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́
ní ọ́fíìsì wa ní Ìlọrin. Wọ́n ní:
“Ṣẹ́fíù, láti Àjàṣẹ́-Ìpo dé Òmù-Àrán,
ka gbogbo ohun tó dúró ti ọ̀nà tí kì í ṣe ọ̀nà.”

Mo gun ọ̀kadà Bùráímọ̀, mo ki téèpù sápò.

Òkúta máìlì: mẹ́rìnlá.
Méje ló ṣì mọ orúkọ ara rẹ̀.
Òjò ti lá nọ́ńbà àwọn yòókù tán,
wọ́n dúró sínú koríko bí arúgbó
tí ọmọ-ọmọ ń bi pé, “Ta ni yín?”

Irin ààbò, kọ́nà kejì:
ó yẹ kó gùn tó ogójì ẹsẹ̀ bàtà, mẹ́sàn-án ni mo bá.
Tírélà ló kọlù ú, ó sùn sínú koríko fún òjò méjì.
Mo rí ìyókù rẹ̀ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ,
ó ti di ọkọ́ mẹ́ta àti ìdajì àdá.
Alágbẹ̀dẹ ò sá. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jókòó.
Irin tí kò lè dá ọkọ̀ dúró mọ́,
ṣé kó má lè roko ni?”
Mi ò kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Rẹ́jístà ò ní àyè fún èsì.

Pátákó tó yẹ kó máa wí pé kọ́nà ń bọ̀, ẹ rọra:
òpó wà, orí ò sí.
Ẹ̀yìn ilé kan ni mo ti bá orí pàdé,
ó ti di ìlẹ̀kùn ilé adìyẹ,
ọfà dúdú rẹ̀ ń tọ́ka sọ́wọ́ òsì,
àwọn adìyẹ sì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu,
ọwọ́ òsì náà ni wọ́n ń yà wọlé lálaalẹ́.
Mo rẹ́rìn-ín.
Àfi bí mo ṣe rántí ọkọ̀ ata
tó ṣubú ní kọ́nà yẹn nínú oṣù Ràmàdánì,
bí ojú ọ̀nà ṣe pọ́n tí a ò fi mọ
èyí tó jẹ́ ata, èyí tí kì í ṣe ata.
Ẹ̀rín náà kú sí mi lẹ́nu.

Iná oòrùn: òpó méjìlélógún.
Wọ́n ti jí bátìrì mọ́kàndínlógún.
Mẹ́ta tó kù ń tàn lọ́sàn-án gangan,
wọ́n ń bá oòrùn figagbága;
bílẹ̀ bá ṣú, wọ́n á sùn.
Mo kọ ọ́ pé: Ó ń ṣiṣẹ́. Kò mọ àsìkò.

Ó ku díẹ̀ ká wọ Òmù-Àrán
ni mo rí ẹnu kọ́fáàtì kan tó mọ́ bí àwo oúnjẹ.
Kò sí ọ̀rá, kò sí yanrìn, kò sí òkú ewúrẹ́.
Ìwé ní ó di ọdún mọ́kànlá tí ìjọba ti yọjú síbẹ̀ gbẹ̀yìn.
Ta ló ń ro ọ̀fun omi?
Ìyá kan jáde, ọkọ́ léjìká. Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀.
“Ọdún tí àgbàrá gbé ilé ìdáná mi lọ tìkòkò-tìkòkò
ni mo ti mọ̀ pé ihò yìí kì í ṣe ti ìjọba.
Ẹni tí omi máa kọ́kọ́ kí nílé ló ni ín.”

Mo tún rẹ́jístà ṣí. Mo kọ:
Ohun: Àwẹ̀ró. Ọjọ́ orí: bí àádọ́rin.
Irinṣẹ́: ọkọ́ kan, ẹnu rẹ̀ ti jẹ tán.
Ipò: ó dúró, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ń dùn ún.
Iye owó tí a ó fi rọ́pò rẹ̀:
ibẹ̀ ni báírò mi dúró sí.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá fi yíǹkì pupa fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá.
Ó ní, “Ṣẹ́fíù, ènìyàn kì í ṣe dúkìá.”
Òótọ́ ni. Mi ò jiyàn.
Mo pe Bùráímọ̀ lórí fóònù: kó yà lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ,
kó ra ọ̀kan nínú ọkọ́ mẹ́ta yẹn,
kó gbé e fún Ìyá Àwẹ̀ró kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé.
Ó ní epo ti gbówó lórí.
Mo ní mo mọ̀.