Ẹ̀lúlùú Kò Gbé Àgbọ̀n Sókè

Ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ojú ènìyàn ni mò ń yà
nínú ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́bàá ojú irin tí ọkọ̀ rẹ̀ kò dé mọ́,
ní Ṣábẹ̀, níbi tí koríko ti hù bo irin.
Mo ní: jókòó. Wọ́n á jókòó.
Mo ní: gbé àgbọ̀n sókè, má rẹ́rìn-ín, ìjọba kò fẹ́ eyín.
Wọ́n á panu dé bí ẹni tó gbé omi sẹ́nu.
Fọ́tò mẹ́rin. Owó rẹ̀ kò ju oúnjẹ ọ̀sán kan lọ.

Ọjọ́ Àìkú ni mo fi ń wá ẹni tí kì í gbọ́ràn.

Wòrú, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ló ń bá mi ru àpótí ìjókòó.
A gba ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́, a gba abẹ́ òkè,
àwọn òkè wọ̀nyẹn tó dúdú bí ìkòkò tí a dojú rẹ̀ délẹ̀,
títí a fi dé oko kajú Ìyá Bíọ̀.
"Ẹ̀yin méjèèjì, kí lẹ tún sọ nù síbí?"
"Ẹ̀lúlùú ni, Ìyá."
Ó wò mí láti òkè délẹ̀.
"Ẹ̀lúlùú! Ṣé kò sí arẹwà mọ́ nílùú ni?"

Òótọ́ ni. Kò mọ̀ ọ́n fò bí àwòdì.
Bó bá fò, á dà bí aṣọ tútù tí wọ́n jù sórí igi.
Ìyẹ́ rẹ̀ pupa bí erùpẹ̀ ọ̀nà Kétu,
ìrù rẹ̀ dúdú, ó wúwo, ó ń wọ́ tẹ̀lé e bí gbèsè àná.
Àmọ́ ojú rẹ̀! Ojú pípọ́n,
ẹyín iná tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́.
Ojú yẹn ni mo bá wá.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ohùn rẹ̀ nìkan ni mo mú délé:
hùù, hùù, hùù, hù-hù-hù, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀
bí omi tó ń tú jáde lẹ́nu akèrègbè.
Ọ̀sẹ̀ kejì, mo mọ ọ̀nà tó ń gbà.
Kì í fò wọ ìtẹ́. Òkèèrè ló ń bà sí,
á fi ẹsẹ̀ rìn lábẹ́ koríko bí olè tó mọ ilé,
tata lẹ́nu rẹ̀, nígbà mìíràn ọmọ alángbá.
Á dúró. Á gbọ́. Á tún rìn.
Wòrú ló kọ́kọ́ rí i, ó fi ìgúnpá gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́,
kí n tó gbé kámẹ́rà dójú, koríko nìkan ló ń mì.
Mo ní fọ́tò koríko tó ń mì, mẹ́tàdínlógójì.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ké ní ìyálẹ̀ta.
Ìyá Bíọ̀ nawọ́ sójú ọ̀run:
"Ẹ sá wọlé o! Ẹ̀lúlùú tó fa òjò, orí ara rẹ̀ ló fà á lé!"
N kò sá. Mo bọ́ ẹ̀wù mi, mo fi wé kámẹ́rà,
mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ bí ẹni tó wá tọrọ ìyàwó.
Òjò dé, kò mojú ẹnikẹ́ni.

Nígbà náà ni mo rí i, kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́jọ lọ.
Ìtẹ́ rẹ̀ dà bí ahéré kékeré, ẹnu ọ̀nà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́,
ó dúró sẹ́nu ọ̀nà náà,
ó fi ara rẹ̀ ṣe ìlẹ̀kùn.
Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ tí mi ò lè kà ń pariwo ebi.
Omi ń ti orí rẹ̀ ṣàn gba ojú pípọ́n yẹn kọjá,
kò sì ṣẹ́jú.
Èmi ni mo ṣẹ́jú.

Mi ò tẹ bọ́tìnì. Mo sọ fún Wòrú pé bátìrì ló kú.
Kò gbà mí gbọ́.
Nígbà tí òjò dá, tó gbọn ara rẹ̀ tó sì lọ,
mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan: ìrù tútù kan, tó ń jáde ní igun.

Ó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù báyìí, láàárín àwọn tó panu dé.
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, oníbàárà kan tẹjú mọ́ ọn.
"Ta nìyí? Ojú rẹ̀ dà?"
Mo ní: jókòó. Gbé àgbọ̀n sókè.