Àlàfo Ṣódípọ̀

Ìṣirò ni mo kọ́ ní yunifásítì, ẹ má bi mí ní orin.
Ọjọ́ tí tíṣà orin fẹ̀yìn tì ni ọ̀gá pè mí,
ó ní, "Ìwọ tó o mọ nǹkan án kà,
orin náà, ṣebí kíkà ni?"
Ó fi kọ̀ǹpútà mẹ́rin lé mi lọ́wọ́:
ọ̀kan ti sọ lẹ́tà A nù,
ọ̀kan ń gbóná bí ààrò.

Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní Lafẹ́nwá,
ọwọ́ mẹ́jọ lórí máòsì kan.
Wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà;
àyà wo la fẹ́ sọ báyìí?
Òwe ò mọ máòsì.

Mo ní, "Ẹ má mú orin wá. Ìró ni kí ẹ mú wá."
Wọ́n gbé e dé lórí fóònù ìyá, lórí fóònù ẹ̀gbọ́n:
Mufútáù gba fèrè reluwé,
Ìbíyẹmí gba àdìrẹ tí ìyá àgbà rẹ̀ ń lù ní Ìtòkú,
ẹnìkan gba ewúrẹ́,
ẹnìkan gba bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń hanrun,
a rẹ́rìn-ín títí agogo fi lù.

Lójú ẹ̀rọ, ìró a di àpótí aláwọ̀:
reluwé pupa, àdìrẹ aláwọ̀ aró, ewúrẹ́ àwọ̀ ewé,
wọ́n tò lọ bẹẹrẹ
bí òrùlé páànù tá à ń wò láti òkè Ìtókò.

Ẹyọ ìró kan ṣoṣo ni Ṣódípọ̀ mú wá.
Gbà!
Òòlù lórí òkúta.
Ó fi í síbẹ̀, ó fo àpótí mẹ́ta,
ó tún fi í. Gbà!
Àlàfo. Gbà! Àlàfo.

Ìbíyẹmí ráyè, ó fi àdìrẹ dí i.
Ṣódípọ̀ yọ ọ́.
Mufútáù ti reluwé bọ ibẹ̀. Ó yọ ọ́.
Ewúrẹ́ wọlé, ó lé ewúrẹ́.
Ọ̀rọ̀ di "Ta ló pa tèmi rẹ́?"
wọ́n wọ ara wọn ní kọ́là,
bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì kan yí lọ sábẹ́ tábìlì.

Mo pè wọ́n síwájú, mo fajú ro bí adájọ́.
"Ṣódípọ̀, iṣẹ́ gbogbo wa nìyí.
Kí ló dé tí o fi ń fi àyè ṣòfò?"
Ó wo bàtà rẹ̀.
Ó ní, "Tíṣà, kò ṣófo.
Ibẹ̀ ni màmá mi ti ń gbé òòlù sókè."

Ha.

Èmi tí mo ti ń kọ òdo sójú pátákó fún ọdún mọ́kànlá,
tí mò ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé òdo kì í ṣe asán!
Mo rántí àwọn obìnrin ẹ̀bá ọ̀nà Ọ̀bántókò,
agboòrùn tó ti ya, òkìtì òkúta wẹ́wẹ́.
A máa ń kọjá, òòlù nìkan là ń gbọ́.
Ta ló gbọ́ apá tó ń lọ sókè?
Wọ́n ní abẹ́ òkúta la sá sí nígbà ogun;
ọmọ yìí, inú òkúta ni wọ́n ti ń bọ́ ọ.

Ìbíyẹmí ló kọ́kọ́ fa àdìrẹ rẹ̀ sẹ́yìn,
ó gbé e síbi tí òòlù ti ń balẹ̀,
aṣọ àti òkúta jọ sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.
Mufútáù ní reluwé òun kì í dúró de ẹnikẹ́ni.
Ó rò ó wò. Ó gé e, ó tún gé e,
ó ku fèrè kékeré kan, lẹ́yìn gbogbo rẹ̀.
Ewúrẹ́ ò gbà rárá. A fi í síbi tó wà.

Ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀gá wá gbọ́ ọ.
Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ká apá mọ́yà.
Gbà! Àlàfo. Gbà!
Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń mì díẹ̀díẹ̀
ni iná bá lọ, bátìrì tó ti gbó náà sì kú,
láàárín àlàfo gan-an.

Kò sẹ́ni tó mí.
Òòlù wà lókè.
À ń retí rẹ̀. Ọ̀gá náà ń retí rẹ̀,
kò mọ̀ pé ẹ̀rọ ti kú,

títí Ìbíyẹmí fi sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé,
"Ṣódípọ̀, ṣé o fi í pamọ́?"